Táyà, Omi àti Ojú: Bí A Ṣe Ń Wakọ̀ Nínú Òjò, Ìjì àti Ọyẹ́

Ibi tí táyà ọkọ̀ kékeré kan ti fara kan ọ̀dà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Irú àtẹ́lẹwọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré ló so ọkọ̀, èrò àti ẹrù mọ́ ilẹ̀. Ohun tí òjò àti ọyẹ́ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà: wọ́n á ki nǹkan bọ àárín táyà àti ọ̀dà, tàbí kí wọ́n dí ojú awakọ̀. Ìjì àti àgbàrá tún ní ọ̀nà kẹta, torí wọ́n máa ń ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ awakọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá le kò ju pé kí táyà rí ilẹ̀ dì mú, kí ojú sì máa rí ọ̀nà tó gùn ju èyí tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ wo táyà kí òjò tó dé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún le padà ní oṣù Kẹsàn-án, títí di ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Oṣù Kejì ló yẹ kí ẹ yẹ táyà wò, nígbà tí àyè ṣì wà láti wá owó táyà tuntun.

Ihò tóóró tóóró tó wà lójú táyà, gọ́tà ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí gọ́tà dídí ń ṣe sí àdúgbò ti mọ ohun tí táyà pípá ń ṣe sí ọkọ̀. Táyà tuntun ọkọ̀ kékeré máa ń ní gọ́tà tó jìn tó nǹkan bíi mílímítà 8. Bó bá ku 1.6, òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti ní kí wọ́n bọ́ ọ jù nù. Ní irú òjò tiwa, ẹni tó bá dúró de 1.6 ti pẹ́ jù. 3 ni kí ẹ fi ṣe ààlà. Ẹ ki orí igi ìṣáná bọ gọ́tà yẹn níbi mẹ́ta: etí òde, àárín, etí inú. Bí gọ́tà ò bá gbé orí ìṣáná mì tán níbì kan, táyà yẹn ti ń lọ. Ẹ tún wo inú gọ́tà náà, ẹ ó rí rọ́bà kéékèèké tó yọ sókè níbi mélòó kan yíká táyà. Ọjọ́ tí ojú táyà bá bá wọn dọ́gba, 1.6 ló kù.

Bí táyà ṣe jẹ náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ láàárín nìkan, afẹ́fẹ́ ti ń pọ̀ jù. Bó bá jẹ létí méjèèjì, afẹ́fẹ́ ti ń kéré. Bó bá jẹ́ etí kan ló jẹ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò dọ́gba, ẹ lọ ṣe alaíńmẹ́ǹtì kí ẹ tó ra tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́ ló máa jẹ èyí náà.

Ọjọ́ orí wá ńkọ́? Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí: 1421 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2021. Ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àjọ SON, tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára tó, fún táyà ní Nàìjíríà. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi nǹkan pa lára tó ń dán gbinrin lè ti lò tó ọdún mẹ́jọ. Gọ́tà rẹ̀ lè ṣì jìn, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti le bíi pátákó, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù mọ́. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó wọnú díẹ̀: bó bá sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dá a padà. Táyà kan tún wà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbígbóná la gọ́tà tuntun sí lójú lẹ́yìn tó ti pá. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí pé gọ́tà náà kì í gún régé, rọ́bà kéékèèké tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kì í sì í sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí iye tí wọ́n lè dín lórí irú rẹ̀ tó fi yẹ ká rà á.

Ti afẹ́fẹ́. Iye tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, lórí bébà kékeré kan. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín psi 30 sí 35 (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà kò mọ̀ ọ́n fún yín, òmíràn á sì gbé e lọ sí 45 pé kó lè gbé ẹrù. Ẹ ra géèjì tiyín, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, torí táyà tó ti gbóná máa ń parọ́. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ NASA ní Amẹ́ríkà tó ń wádìí bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń yọ̀ lórí omi rí i pé afẹ́fẹ́ inú táyà wà lára ohun tó ń pinnu eré tí táyà yóò sá kó tó gun orí omi. Bí a bá fi ìṣirò wọn wo ọkọ̀ kékeré, táyà psi 30 á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó ní nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Bó bá ti sọ̀ dé 20, á ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 75. Táyà tó ti pá kì í dúró de iye yẹn.

Bó bá jẹ́ táyà méjì péré ni owó ká, ẹ̀yìn ni kí ẹ kó wọn sí, kódà bó bá jẹ́ táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà á bá yín jà lórí èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, awakọ̀ á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, á sì lè dẹ ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí èèyàn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Gíláàsì, wáípà àti iná

Oòrùn oṣù Kejìlá sí Kẹta ló ń ba wáípà jẹ́, àmọ́ ọjọ́ òjò ló tó ń hàn. Bí wáípà bá ń fa ìlà sára gíláàsì tàbí tó ń ké, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bó ti wù kó rí. Ẹ bu omi sí ike omi gíláàsì, kí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kò gbọdọ̀ ho. Inú gíláàsì náà ṣe pàtàkì: ọ̀rá ọwọ́ àti eruku inú ọkọ̀ ló ń jẹ́ kí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ fọ́n ká sójú yín lálẹ́. Bébà ìròyìn àtijọ́ tí a fi omi ọṣẹ rẹ díẹ̀ á nù ún mọ́.

Bí èémí èrò bá bo gíláàsì, ẹ má fi ọwọ́ nù ún. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí gíláàsì iwájú, torí ẹ̀rọ yẹn máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí, bíi ti ọ̀pọ̀ dánfó, ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra ní ìwọ̀n ìka méjì.

Iná dípù ni iná òjò. Iná fúù máa ń bá omi inú afẹ́fẹ́ pàdé, á sì tàn padà sójú ẹni tó tàn án. Ti tíráfíkétọ̀ méjèèjì tí ọ̀pọ̀ wa máa ń tàn nígbà tí òjò bá le, tí a sì ń bá eré lọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní mọ̀ bóyá ẹ dúró ni àbí ẹ ń rìn, bí ẹ bá sì fẹ́ yà sí ọ̀tún, kò sí iná tí ẹ ó fi sọ fún un. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ká yín mọ́ lójijì lójú ọ̀nà márosẹ̀, ni iná yẹn wúlò.

Òjò àkọ́rọ̀ àti ìṣẹ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́

Gbogbo oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ́ìlì, dísù, eruku táyà àti iyẹ̀pẹ̀ ń kó jọ sójú ọ̀dà. Òjò àkọ́rọ̀ kì í ní agbára láti fọ̀ ọ́ lọ. Ńṣe ló ń pò ó mọ́ra. Ohun tó máa ń jáde yọ̀ ju omi lásán lọ, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, títí òjò á fi rọ̀ tó láti gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò wínníwínní tó kàn ń sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbígbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kì í bẹ̀rù rẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń mú èèyàn.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró pẹ́ ni ọ́ìlì ti ń kán jù: ẹnu gáráàjì, ibùdókọ̀, ìkóríta, ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá ọkọ̀ dúró, àti ẹnu ọ̀nà ilé epo. Ibẹ̀ gan-an náà sì ni a ti ń tẹ bíréèkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù ní ìlọ́po méjì ibi tí ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà tún ní ọ̀tá méjì míì: ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì àti irin tó bo ihò gọ́tà. Ẹ fi táyà gun wọn lóòró, láì tẹ bíréèkì, láì yí ọwọ́. Èrò tó ṣí agbòjò lẹ́yìn ọ̀kadà ń fún atẹ́gùn ní ohun tó máa fi gbé ọ̀kadà dànù. Kó pa á dé tàbí kó sọ̀ kalẹ̀.

Eré àti àlàfo

Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò mítà 53 kó tó dúró lórí ọ̀nà gbígbẹ: 15 á kọjá kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó dé orí bíréèkì, 38 á kọjá kí bíréèkì tó mú un. Ọ̀nà tútù máa ń sọ 38 yẹn di ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ó ti di mítà 91 nìyẹn, ó ku díẹ̀ kó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Mánṣẹ́sítà mọ̀ pé yìnyín lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ dúpẹ́ pé omi nìkan la ní níbí.

Kìlómítà 100 tí òfin fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ti ọjọ́ gbígbẹ ni. Nínú òjò tó ń rọ̀ déédéé, ẹ má ju 60 sí 70 lọ. Bí ilẹ̀ bá ti gba omi dúró tí ọkọ̀ iwájú ń tú u sókè, 50. Bí wáípà tó wà ní eré tó ga jù kò bá lè mú ọ̀nà hàn mọ́, ẹ wá ibi yà sí.

Láti mọ àlàfo tó yẹ, ẹ wo òpó iná tàbí pátákó kan níwájú. Bí ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú yín bá ti kọjá rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ọ̀kan nìyí, èjì nìyí, ẹ̀ta nìyí, ẹ̀rin nìyí. Bí ẹ bá dé ìdí òpó náà kí ẹ tó dé ẹ̀rin, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn tìrélà, ẹ kà dé ẹ̀fà, torí omi tí táyà rẹ̀ ń fọ́n kì í jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan. Ẹlòmíràn á já wọ àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn dájú ní Èkó. Ẹ kàn tún sún sẹ́yìn. Bí ogun ọkọ̀ bá wọ àlàfo yín láàárín Ìbàdàn sí Èkó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà lọ́wọ́ yín.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọ̀nà oníkọ́nà orí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ ti wọ gíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì náà ní L tàbí 2. Ibi tí ọ̀nà ti tọ́ ni kí ẹ ti tẹ bíréèkì, kí ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó yí ọwọ́ wọ kọ́nà. Táyà tó ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ dúró kò ní agbára kankan tó kù tó máa fi yà.

Bí ọkọ̀ bá yọ̀

Bí táyà bá ti gun orí omi, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń mọ̀: sítíárìn á fúyẹ́ lójijì bíi pé wọ́n gé okùn rẹ̀, ariwo táyà á dákẹ́, ẹ́ńjìnì á sì kùn sókè díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, díẹ̀díẹ̀. Ẹ di sítíárìn mú kó dúró tààrà. Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má sì yí ọwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ọkọ̀ á padà sórí ilẹ̀. Ẹni tó bá ti yí sítíárìn sí ọ̀tún lákòókò yẹn, ọ̀tún náà ni ọkọ̀ á já sí nígbà tí táyà bá tún rí ilẹ̀ dì mú. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń rékọjá lọ sójú ọ̀nà ẹlòmíràn.

Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ darí sítíárìn síbẹ̀, kí ẹ sì kúrò lórí tọ́tù àti bíréèkì. Ẹ má wo igi tàbí gọ́tà tí ẹ ń bẹ̀rù, nítorí ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ ń gbé ọkọ̀ lọ. Bó bá jẹ́ iwájú ni kò gbọ́ sítíárìn mọ́, ẹ dín bí ẹ ṣe yí i kù, kí ẹ jẹ́ kí eré rọlẹ̀.

Fún ìdádúró pàjáwìrì, ẹ mọ irú bíréèkì tí ọkọ̀ yín ní. Bó bá ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi kí ẹ má tú u sílẹ̀. Á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ gbà-gbà-gbà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí kò bá ní, tàbí tí iná ABS kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa tú u, kí táyà má bàa há. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tó ń di eré mú fúnra rẹ̀ (cruise control), ẹ pa ẹ̀rọ náà nígbà òjò.

Omi tó dá sójú títì

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onímọ́tò náà ò gbọdọ̀ gbà. Omi tó ń ṣàn tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kò tó orúnkún, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ kékeré nílẹ̀. 60 á gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ lọ, títí kan jíìpù. Bí omi bá ń ṣàn kọjá lórí afárá, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Nígbà tí omi ya lu Ìbàdàn ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, afárá wà lára ohun tó wó lulẹ̀, omi ò sì fi ihò tó wà nísàlẹ̀ han ẹni tó ń bọ̀.

Fún omi tó dúró sójú kan, ẹ dúró kí ẹ wo ọkọ̀ tó jọ tiyín tó kọ́kọ́ kọjá, tàbí ẹsẹ̀ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀. Bí omi bá máa dé àárín táyà yín, ẹ padà. Bí ẹ bá rí ibi tí omi ti ń yí bírípo, ihò gọ́tà tí kò ní ìdérí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pinnu láti kọjá:

1. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó wà nínú omi jáde tán. Ìgbì tó ń tì sẹ́yìn ló ń wọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kejì.
2. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, torí fáànù iwájú ẹ́ńjìnì lè máa fọ́n omi káàkiri.
3. Ẹ wọ gíà 1, tàbí L, ní àárín títì níbi tí ọ̀dà ti ga jù.
4. Ẹ máa rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ́ńjìnì máa kùn sókè díẹ̀, láì dúró, láì yí gíà padà. Kílọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ láàárín omi.
5. Bí ẹ bá jáde, ẹ tẹ bíréèkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ìgbà mélòó kan bí ẹ ṣe ń lọ jẹ́ẹ́, kó lè gbẹ. Bíréèkì tó mu omi kì í mú ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí ẹ́ńjìnì bá kú nínú omi, ẹ má ṣe sítáàtì ẹ̀ padà. Ọwọ́ gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ sídìí kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ ni owó ńlá ti ń lọ. Omi tó bá ti gba ẹnu fíítà afẹ́fẹ́ wọlé á jókòó lórí písítínì, omi kì í sì í ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá yí, kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítínì dúró, ló máa tẹ̀. Ẹ ti ọkọ̀ jáde, kí mẹ́káníìkì yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kó yí ẹ́ńjìnì kí omi tú jáde, kó wo ọ́ìlì bóyá ó ti funfun bíi mílíìkì, kó pààrọ̀ fíítà.

Bí omi bá wá ń gbé ọkọ̀ lọ, ẹ tú bẹ́líìtì, kí ẹ sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí iná ọkọ̀ tó kú. Ẹ má jà pẹ̀lú ilẹ̀kùn, omi tó wà níta ti tì í pa. Ẹ gba fèrèsé jáde, ọmọdé ṣáájú. Gíláàsì iwájú kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Tẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi òòlù kékeré gbá, ní igun rẹ̀. Àpótí iwájú ni kí òòlù náà máa wà, torí ẹ kò ní ráyè dé búùtù.

Ìjì

Ìjì sábà máa ń ṣáájú òjò ńlá, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò. Ọkọ̀ tó ga tó sì fúyẹ́ ló ń bá jà jù: dánfó, bọ́ọ̀sì, tìrélà tí kò gbé ẹrù. Lórí afárá bíi Third Mainland, kò sí ilé tàbí igi tó máa gba atẹ́gùn dúró. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, kí ẹ dín eré kù. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrélà, ara tìrélà máa ń gba atẹ́gùn dúró fún yín, á wá fi yín lé e lọ́wọ́ lójijì ní kété tí ẹ bá yọ sí iwájú rẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún gbígbọ̀n yẹn. Kọ̀ǹténà tí wọn ò fi irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì mọ́ tìrélà lè ya lulẹ̀ ní kọ́nà. Ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ yà dúró, ẹ má dúró sábẹ́ igi, pátákó ìpolówó tàbí wáyà iná. Bí wáyà bá já lé ọkọ̀ lórí, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ títí wọn á fi pa iná náà. Inú ọkọ̀ onírin tí a ti gíláàsì rẹ̀ náà dára ju ìta lọ bí mànàmáná bá ń kọ.

Ọyẹ́, kùrukùru àti èéfín ìgbẹ́

Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ á bo ojú ọ̀nà. Àjọ NiMet, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú; ẹ gbọ́ ìkéde wọn kí ẹ tó gbéra ìrìn àjò láàárọ̀ kùtù.

Òpó iná ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ lè fi wọn ojú yín, torí àlàfo òpó sí òpó sábà máa ń tó nǹkan bíi mítà 50. Bí ẹ bá rí òpó méjì kedere níwájú, ẹ má kọjá kìlómítà 60. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, 40. Bí ẹ kò bá rí ẹyọ kan, ọ̀nà yẹn kò tíì ṣeé rìn. Ẹ wọ ilé epo títí oòrùn á fi gbé e. Ẹ tan iná dípù ní ọ̀sán gangan. Ojú awakọ̀ máa ń tàn án jẹ nínú kùrukùru: eré á jọ pé kò pọ̀, torí kò sí igi tàbí ilé tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú géèjì ni kí ẹ máa wò.

Ohun tó ń pa èèyàn jù nínú ọyẹ́ ni tìrélà tó dúró lójú ọ̀nà láìní iná lẹ́yìn. Ẹ má rìn ní etí títì. Bí èéfín iná ìgbẹ́ bá bo ọ̀nà, tí ẹ kò sì rí òdìkejì rẹ̀, ẹ dúró kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bó bá ká yín mọ́ inú rẹ̀, ẹ má dúró sójú títì; ẹ máa rọra lọ, ẹ máa fọn fèrè.

Ọyẹ́ náà ń fi táyà ṣe nǹkan: òtútù òwúrọ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, nǹkan bíi psi 1 fún ìyàtọ̀ ìwọ̀n ooru Sẹ́síọ́ọ̀sì 5 sí 6, ọ̀sán á sì sè é. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, tó gbé ẹrù púpọ̀, tó ń sá lórí ọ̀dà gbígbóná, ló ń bẹ́. Bó bá bẹ́, ẹ di sítíárìn mú, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kí eré rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó rọra yà.

Bí ọkọ̀ bá dúró sójú ọ̀nà

Ẹ gbé e kúrò lórí ọ̀dà pátápátá bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì. Àwọn èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní apá ibi tí ọkọ̀ kì í gbà, kí wọ́n kọjá irin ẹ̀bá ọ̀nà lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ tó kú kì í ṣe ibi ìdúró. Ẹ gbé C-caution, àmì pupa onígun mẹ́ta, sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 60 ní ọjọ́ gbígbẹ, 150 nínú òjò tàbí kùrukùru, kí ẹ sì máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ gbé e. Ewé tútù tí a máa ń já sójú ọ̀nà, gbogbo awakọ̀ ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò ní iná, òjò sì máa ń gbá a lọ. Bí ọkọ̀ bá wà lórí kọ́nà tàbí lẹ́yìn òkè, ẹ gbé C-caution náà ṣáájú kọ́nà.

Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò ni 112, ní Èkó 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà pẹ̀lú ohun tó wà nítòsí: orúkọ ìlú tí ẹ kọjá kẹ́yìn, apá ibi tí ẹ dojú kọ, pátákó tàbí ilé epo tí ẹ rí, iye ẹni tó fara pa, àti bóyá epo ń jò. Bí epo bá ń jò láti inú tánkà, ẹ sá sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, ẹ má tan ìṣáná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kèrègbè wá síbẹ̀.